Ọwọ́ Ọmọdé, Ọwọ́ Àgbà àti Róbọ́ọ̀tì Tó Ń Di Mọ́tò

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, kò sí bí èèyàn ṣe máa gba Adjamé tàbí Treichville kọjá tí kò ní rí wọn. Ohun ìṣeré ti bo etí títì. Bèbí wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù wà, kẹ̀kẹ́ wà, ìlù kéékèèké wà. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ọmọkùnrin, àti ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin pẹ̀lú, máa ń dúró wò títí ìyá wọn á fi fà wọ́n lọ́wọ́ ni róbọ́ọ̀tì tó ń di mọ́tò. Àwòrán méjì ni wọ́n yà sára páálí rẹ̀. Ní apá kan, mọ́tò tó ń dán gbinrin. Ní apá kejì, ọkùnrin onírin tó yansẹ̀ dúró bí ajagun. Àárín àwòrán méjèèjì yẹn ni wàhálà wà.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti ra irú rẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Lálẹ́ ọdún, nígbà tí a bá ti jẹ ìrẹsì àti adìẹ tán, ọmọ á gbé róbọ́ọ̀tì wá: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ di mọ́tò.” Bàbá á ní kí ló le níbẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ohun tó wà lórí tábìlì kì í ṣe mọ́tò, kì í sì í ṣe èèyàn. Ẹsẹ̀ kan ti di bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ kejì kọ̀ jálẹ̀. Orí ṣì yọ síta lójú wíńdò. Ọwọ́ kan kò rí ibi tí yóò wọ̀. Bàbá ń làágùn, ojú ọmọ ti fà ro, ìyá ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀ kó tó kán. Ní ilé mìíràn, ó kán lóòótọ́. Ní ilé mìíràn, wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó, wọ́n ní kó dúró dìgbà tó bá dàgbà. Níjọ́ tó bá dàgbà, kò ní fẹ́ ẹ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ sọ lọ́sẹ̀ yìí ni pé ohun ìṣeré yìí kì í ṣe ọ̀tá wa. Bí a bá mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, tí a sì mọ ẹni tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á fún wa ní nǹkan tí tẹlifíṣọ̀n kò lè fún wa. Fún àwa Yorùbá tí à ń tọ́mọ ní Abidjan, èrè kan tún wà níbẹ̀ tí kò sí lára páálí. A ó dé ibẹ̀.

Níbo ló ti wá?

Ilẹ̀ Japan ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1980, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Takara gbé oríṣi ohun ìṣeré kan jáde tí wọ́n pè ní Diaclone. Nígbà tó yá, wọ́n fi mọ́tò kún un, mọ́tò tó jọ èyí tí à ń rí ní títì gan-an, ṣùgbọ́n tó ń di róbọ́ọ̀tì bí ọmọ bá ká a tó sì nà án. Lọ́dún 1983 wọ́n tún gbé òmíràn jáde, Micro Change, nínú èyí tí ohun èlò lásán bíi ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ń di róbọ́ọ̀tì. Ilé iṣẹ́ Hasbro ti Amẹ́ríkà rí méjèèjì, ó bá Takara ṣe àdéhùn, ó kó wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n ní 1984. Orúkọ náà ni Transformers.

Ẹ̀rọ lásán ni àwọn róbọ́ọ̀tì Diaclone. Awakọ̀ kékeré ló ń jókòó sínú wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ wọ́n di ẹ̀dá abẹ̀mí tó ní ìwà àti ìjà tirẹ̀, Autobot ní apá kan, Decepticon ní apá kejì. Bob Budiansky, òǹkọ̀wé ní ilé iṣẹ́ Marvel, ló sọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn lórúkọ. Dennis O'Neil, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló fún olórí wọn ní orúkọ tí àwọn ọmọ wa mọ̀ ju orúkọ ìdílé wọn lọ: Optimus Prime, ọkọ̀ akẹ́rù pupa àti àwọ̀ aró.

Wọn kò nìkan wà lọ́jà. Ilé iṣẹ́ Bandai ti Japan ti ní Machine Robo láti ọdún 1982, ilé iṣẹ́ Tonka sì ń tà á ní Amẹ́ríkà lábẹ́ orúkọ GoBots. GoBots kéré, ó sì rọrùn láti yí. Síbẹ̀, Transformers ló borí, nígbà tó sì di 1991, Hasbro ra Tonka fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2006, Takara dara pọ̀ mọ́ Tomy. Lọ́dún 2007, fíìmù tí Michael Bay darí jáde, gbogbo ayé tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá róbọ́ọ̀tì kiri. Ní 2024, ilé àkójọ ohun ìṣeré tó wà ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, gba Transformers sínú àwọn ohun ìṣeré tí wọ́n ń bọlá fún.

Kí nìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí? Torí pé ibẹ̀ la ti máa mọ ìdí tó fi le. Bumblebee ti ọdún 1984, Volkswagen aláwọ̀ ìyeyè kékeré, kò ju pé kí ẹ fa apá rẹ̀ jáde kí ẹ sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Fíìmù ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nínú fíìmù, kọ̀ǹpútà ló ń ya róbọ́ọ̀tì, ó sì lè fọ́ mọ́tò kan sí àìmọye ègé lójú wa kó tó tún un tò. Ẹni tó ń fi ike ṣe tirẹ̀ náà fẹ́ kó jọ bẹ́ẹ̀, ló bá ń gé òrùlé sí mẹ́rin, ó ń gé ilẹ̀kùn sí mẹ́ta, ó ń fi oríkèé kún oríkèé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tó jẹ́ ọmọdé ní 1984 ti dàgbà, wọ́n ti lówó lọ́wọ́, wọ́n sì ń ra tiwọn. Láti ọdún 2003 ni Takara ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oríṣi kan tí wọ́n pè ní Masterpiece fún irú wọn. Nítorí náà, bí bàbá bá rí róbọ́ọ̀tì tó rẹwà jù lójú títì, ó lè jẹ́ ohun ìṣeré àgbàlagbà ló ń rà fún ọmọ ọdún márùn-ún.

Ẹ wo páálí kí ẹ tó sanwó. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòde òní, iye ìgbésẹ̀ tí èèyàn máa gbé kó tó yí padà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó bá ní ìgbésẹ̀ kan tàbí díẹ̀, ti ọmọ kékeré ni. Èyí tó bá lé ní ogún, ọmọ tó ti mọ̀wé kà tó sì lè jókòó pẹ́ ló ni í. Bí ẹ bá rí àmì roboto pupa tí wọ́n fi ilà gé ojú ọmọ kékeré nínú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ 0-3 sí i, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ mú un: ègé rẹ̀ lè há a lọ́fun.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa

Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó ló mọ idán yìí. Rárá o. Ẹ rántí egúngún onídán, àwọn apidán tó ń ti ìlú kan dé ìlú kejì. Wọ́n á pa agbo, ìlù á máa dún, aṣọ tí ẹ ń wò á yí padà lójú yín. Ohun tó wọlé bí èèyàn á di ọ̀nì tó ń fà nílẹ̀. Á di erè, á di ẹkùn. A kì í tú àṣírí eégún, n kò sì ní tú u lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró létí agbo rí mọ̀ pé kò sí ohun tó yí padà lójijì níbẹ̀. Èyí tó wà nínú tẹ́lẹ̀ ló ń bọ́ síta, èyí tó wà níta ló ń wọlé. Àwọn tó wà lábẹ́ aṣọ mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ṣe kejì ṣáájú àkọ́kọ́, idán bàjẹ́, agbo á sì rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni róbọ́ọ̀tì yìí. Orí rẹ̀ kò lọ síbì kan nígbà tó di mọ́tò. Inú àyà ló ká sí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé. Táyà tí ẹ ń wò lára mọ́tò ló ń di èjìká. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ètò ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kì í ṣe agbára.

Bí a ṣe ń mú un

Ẹ jẹ́ ká wo ara rẹ̀ dáadáa. Oríṣi oríkèé mẹ́ta ló sábà máa ń ní. Àkọ́kọ́ dà bíi híńjì ilẹ̀kùn: irin tín-ín-rín kan gba àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà ṣí tó sì ń gbà pa dé. Bí ẹ bá fi tipá yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ti ń kán an nìyẹn. Ìkejì ní orí róbótó tó wọ inú ihò, bí orí eegun itan ṣe wọ inú ìbàdí. Ìyẹn ń yí káàkiri. Bí ẹ bá fà á jù, á yọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fòyà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe kó lè yọ dípò kó kán. Ẹ tì í padà tààrà, á dún “pọ́”, ó ti wọlé. Ìkẹta ní eyín nínú, ó sì ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ẹ bá ń yí i. Ìyẹn le díẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń fẹ́ ọwọ́ tó mú un gírígírí, àmọ́ ìró yẹn ń sọ fún yín pé ibi tó yẹ ló ń lọ.

Yàtọ̀ sí oríkèé, ahọ́n àti ihò tún wà. Ahọ́n ike kékeré kan á wà lára apá kan, ihò tó bá a mu á wà lára apá kejì. Bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò pa dé, tí àlàfo ń hàn lórí òrùlé rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ahọ́n kan wà níbì kan tí kò tíì wọ ihò rẹ̀. Ẹ má tẹ òrùlé. Ẹ wá ahọ́n náà.

Òfin tó ṣáájú gbogbo òfin ni èyí: bí ó bá kọ̀, ẹ dúró. Kò kọ̀ nítorí pé ọwọ́ yín kò lágbára tó. Ohun kan ló dí i lọ́nà. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí kí apá tó lè jáde, tàbí kí ìbàdí yí kí ẹsẹ̀ tó ká. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹ máa wo ike náà bí ẹ ti ń yí i. Bí ibi tí ẹ ń tẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í di funfun, ike yẹn ń ké ni. Ẹ dẹ ọwọ́ kíá, ẹ padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì.

Ike kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó mọ́ gaara, tí wọ́n fi ṣe wíńdò mọ́tò, ló tètè ń kán jù, nítorí náà ẹ má fi wíńdò ṣe ibi ìdìmú. Àwọn kan tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ogójì tàbí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ní ike aláwọ̀ wúrà tó máa ń gbó sínú ara rẹ̀, tó sì ń fọ́ bíi bisikíìtì bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀ fún ojú. Ẹ má gbàgbé oòrùn Abidjan náà: róbọ́ọ̀tì tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì mọ́tò tí oòrùn ń pa lè wọ́, ahọ́n rẹ̀ kò sì ní bá ihò mu mọ́.

Bí oríkèé olórí róbótó bá ti ń rọ̀, tí róbọ́ọ̀tì kò lè nàró mọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì tí kò ní àwọ̀, èyí tí ìyá tàbí tàntí fi ń kun èékánná, kun orí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tì í padà. Á tún di ihò mú. Gọ́ọ̀mù tó ń lẹ nǹkan pa pátápátá kò dára fún oríkèé: ẹ fi lẹ̀ ẹ́ lónìí, kò ní yí mọ́ láéláé.

Èyí tí kò ní ìwé

Ní ìlú wa yìí, kì í ṣe gbogbo róbọ́ọ̀tì ló ń bá páálí wá. Ọ̀pọ̀ ló ń bá ẹrù France au revoir wọlé, nínú àpò kan náà pẹ̀lú bàtà àti aṣọ ọmọ. Ẹni tó kọ́kọ́ ni í ní Yúróòpù ti sọ ìwé ìlànà nù tipẹ́. Owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju ike lásán lọ, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń lágbára ju àwọn ayédèrú tó kún etí títì lọ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ ka ọwọ́, ẹ ka ẹsẹ̀, ẹ mi oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ wò ó bóyá ahọ́n kankan ti kán, bóyá etí kan mú bí abẹ, bóyá súkúrù kan ti yọ. Bí ó bá ń lo bátìrì, ẹ ṣí ibẹ̀ wò: bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, ẹ dá a padà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nílé, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ bí ó ṣe wà, níwájú, lẹ́yìn, lábẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù, ẹ sì máa ya àwòrán kan lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá sọnù lọ́nà, àwòrán á mú yín padà sẹ́yìn. Èyí tí ẹ yà láti mọ́tò dé róbọ́ọ̀tì, tí ẹ bá kà á láti ìparí dé ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ni ọ̀nà róbọ́ọ̀tì sí mọ́tò. Ẹ ti kọ ìwé ìlànà tiyín nìyẹn. Àwọn fídíò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú fúnra yín ná. Ẹni tó wo ìdáhùn kó tó ronú kò jẹ adùn rẹ̀.

Bí bàbá kan bá ní òun kò mọ irú nǹkan báyìí, ẹ bi í léèrè mọ́tò agolo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá ìwòyí ló fi agolo sàdíìnì ṣe ọkọ̀, tí wọ́n gé bàtà sìlípáàsì ṣe táyà, tí wọ́n fi wáyà ṣe ọwọ́ tó ń darí rẹ̀. Kò sí ìwé ìlànà fún ìyẹn. Ọwọ́ tó ṣe é kò tíì kúrò lára yín.

Ọwọ́ ta ló yẹ kó wà?

Ibí yìí ni mo ti ń bọ̀. Nígbà tí ọmọ bá há, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ká gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀: “Mú un wá, o fẹ́ bà á jẹ́.” A ṣe é, ó di mọ́tò, a dá a padà fún un, a rò pé a ti ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ọmọ kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé bí nǹkan bá le, ẹlòmíràn ni yóò ṣe é. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, á di ìwà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ wo bí òwe yìí ṣe bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ìka ọmọ ọdún mẹ́jọ wọ abẹ́ òrùlé mọ́tò kékeré, ó tó ibi tí ahọ́n wà; ìka bàbá kò wọ̀ ọ́. Ojú bàbá rí ètò rẹ̀ lódindi. Ti ọmọ kò tíì rí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí róbọ́ọ̀tì wà lọ́wọ́ ọmọ. Ohùn ni kí ó ti ọ̀dọ̀ yín wá.

Ohùn wo? Ẹ ṣí ìwé ìlànà rẹ̀ wò. Yàtọ̀ sí ìkìlọ̀ kéékèèké tí wọ́n kọ ní oríṣiríṣi èdè, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àwòrán ni, nọ́ńbà ni, ọfà ni. Àwọn tó ṣe é ń tà á ká gbogbo ayé, wọn kò lè kọ ọ́ ní èdè gbogbo ènìyàn, ni wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ti ọmọ ni yóò fi ọ̀rọ̀ sí i.

Ẹ wo àwọn ọmọ wa. Ọmọ tó ń lọ ilé ẹ̀kọ́ ní Koumassi tàbí ní Yopougon, Faransé ló ń sọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bó bá délé, Yorùbá tó ń gbọ́ kò ju “wá jẹun”, “lọ wẹ̀”, “pa tẹlifíṣọ̀n yẹn” lọ. Yorùbá àṣẹ ni. Ó ń gbọ́ ọ, kì í sì í fi í dáhùn. Lọ́jọ́ tó bá wọ ọkọ̀ lọ sí Èjìgbò lọ kí ìyá àgbà, á dọ̀bálẹ̀, á ní “ẹ kú ilé”, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ìyá àgbà á máa wo ẹnu rẹ̀. Ní Èjìgbò, Faransé kì í ṣe nǹkan tuntun ní ìgboro, torí iye àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé ní Côte d'Ivoire, ṣùgbọ́n kì í ṣe Faransé ni ìyá àgbà fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọmọ ọmọ rẹ̀.

Wàyí o, ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí róbọ́ọ̀tì kan ń fẹ́. Ṣí i. Pa á dé. Ká a. Nà án. Yí i sápá òsì. Dojú rẹ̀ bolẹ̀. Tì í wọlé. Fà á jáde díẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́, gbé e. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Kò tíì wọ̀. Ó kù díẹ̀. Ó há. Ó ti dé! Òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́, àárín, ẹ̀yìn, ìgbátí, igun. Ìbàdí, èjìká, orúnkún, ọrùn ọwọ́. Mélòó nínú wọn ni ọmọ yín lè sọ láìfi Faransé lù ú? Ìwé ẹ̀kọ́ kò lè fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, torí pé ọwọ́ ló ń kọ́ wọn. Ọmọ tó gbọ́ “ká a” nígbà tí ohun kan ń ká ní ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ẹ lè sọ ọ́ di eré. Ọmọ á mú ìwé ìlànà, ẹ̀yin á mú róbọ́ọ̀tì. Ọmọ á wo àwòrán, á máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe, ní Yorùbá. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ju ohun tó bá sọ lọ. Bí ó bá ní “yí ẹsẹ̀” tí kò sọ apá ibo, ẹ yí i síbi tí kò tọ́, kí ó lè wá ọ̀rọ̀ tó péye. Ẹ̀rín á pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀: òun á mú róbọ́ọ̀tì, ẹ̀yin á máa pè é. Bí ó bá fi Faransé há a, ẹ má bá a wí. Ẹ kàn fún un ní ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Bí ó bá sú u, ẹ jẹ́ kó gbé e sílẹ̀. Mọ́tò tó dé ìdajì lè sùn lórí tábìlì di ọ̀la. Kò ní ebi, kò ní òùngbẹ. Ohun tí ọmọ kò rí lálẹ́, ó lè rí i láàárọ̀ kó tó fọ ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ má bá a parí rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá sùn. Tirẹ̀ ni.

Èrè rẹ̀

Lẹ́ẹ̀kìíní, ó lè gba wákàtí kan. Lẹ́ẹ̀kejì, á dín kù. Tó bá di bí ìgbà karùn-ún, ọmọ kò ní wo ìwé mọ́. Ìka rẹ̀ á ti mọ ọ̀nà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìró ahọ́n tó kẹ́yìn nígbà tó bá wọ ihò rẹ̀, “kọ́”, tí gbogbo àlàfo pa dé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ohun tó jẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn wá di mọ́tò tó ń yí lórí tábìlì. Ẹ wo ojú ọmọ náà nígbà yẹn. Kò rí i gbà bí ẹ̀bùn; ó ṣe é ni. Ìyẹn kò sí lọ́jà Adjamé.

Ọmọ bẹ́ẹ̀ ti mọ nǹkan mìíràn pẹ̀lú: pé ohun tó bá kọ̀ ní ìdí tó fi kọ̀, àti pé èèyàn lè wá ìdí náà rí. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ mọ èyí. Télọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe mọ̀ ọ́n. Bóyá iṣẹ́ yòówù kí ọmọ yín ṣe lọ́la, á wúlò fún un ju róbọ́ọ̀tì lọ.

Bí àbúrò bá wà nílé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kọ́ ọ. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ má wọlé. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń sọ fún un pé “Rọra, má fagbára, ó ní ohun tó dí i lọ́nà,” ní Yorùbá, owó yín ti padà sí àpò. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.